Níbo ni Àṣìṣe Wà? Ìtàn Ìtọ́ka Ipò nínú Ìkéde Àṣìṣe Kọ̀ǹpáílà

Kọ̀ǹpáílà ni ètò tí ń sọ ohun tí ènìyàn kọ ní èdè ìṣètò di èdè tí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà lè tẹ̀ lé. Bí ohun tí ènìyàn kọ bá tàpá sí òfin èdè ìṣètò náà, kọ̀ǹpáílà kò ní gbà á wọlé. Yóò kéde pé àṣìṣe wà. Ìkéde yìí ní apá méjì. Apá kan ni ọ̀rọ̀ tí ó sọ irú àṣìṣe tí ó jẹ́. Apá kejì ni ipò: fáìlì wo, ìlà kelòó, ibo gan-an lórí ìlà náà. Àwọn tí ń jíròrò ìkéde àṣìṣe sábà máa ń gbájú mọ́ apá kìíní, pé ọ̀rọ̀ náà le jù, tàbí pé kò yé akẹ́kọ̀ọ́. Apá kejì ni wọ́n máa ń fojú fò, bí ẹni pé ipò jẹ́ ohun tí ẹ̀rọ mọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹrù ni ipò jẹ́. Kọ̀ǹpáílà a máa gé ìwé tí wọ́n gbé fún un sí ọ̀rọ̀ ọ̀rọ̀, a tò àwọn ọ̀rọ̀ náà bí ẹ̀ka igi, a sì sọ ẹ̀ka igi náà di àṣẹ fún ẹ̀rọ. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ náà lè tẹ̀síwájú láìsí ipò. Ẹ̀rọ tí yóò fi 2 kún 3 kò nílò láti mọ̀ pé orí ìlà 40 ni wọ́n ti pàṣẹ rẹ̀. Ènìyàn nìkan ni ó nílò rẹ̀, nítorí náà ènìyàn ni ó ní láti pinnu pé kí wọ́n gbé e, kí ó sì pinnu ohun tí wọn yóò fi kà á: káàdì ni, ìlà ni, lẹ́tà ni, àbí báìtì. Ìpinnu kọ̀ọ̀kan ní ìgbà tirẹ̀, ó sì ní irú ènìyàn tí wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Èyí tí ó kan kíka lẹ́tà ni ó kan àkọtọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n kò ṣeé lóye láìkọ́kọ́ mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá.

Ìgbà tí ìlà jẹ́ káàdì

Ní ọdún 1957 ni John Backus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ IBM gbé kọ̀ǹpáílà FORTRAN jáde fún ẹ̀rọ IBM 704. Orí káàdì oníhò ni wọ́n ń kọ ètò sí nígbà náà. Káàdì kan ni ìlà kan, ó sì ní òpó 80, òpó kan fún lẹ́tà kan. Òfin FORTRAN pín àwọn òpó náà bí ẹni pín oko. Òpó 1 sí 5 wà fún nọ́ńbà gbólóhùn. Òpó 6 wà láti fi hàn pé káàdì yìí jẹ́ àfikún èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Òpó 7 sí 72 wà fún gbólóhùn fúnra rẹ̀. Àwọn mẹ́jọ tí ó kù, 73 sí 80, kọ̀ǹpáílà kò wò wọ́n rárá, nítorí pé òpó 72 péré ni ẹ̀rọ tí ń ka káàdì fún IBM 704 lè kà.

Àyè tí ẹ̀rọ kò kà yìí ni ènìyàn gbà fún ìlò ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń tẹ nọ́ńbà ìtòtẹ̀léra sí, kí ó lè ṣeé ṣe láti tún àwọn káàdì tò bí wọ́n bá dà sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí àpótí káàdì bá ti já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí kì í fi nọ́ńbà yìí ṣeré. Ipò àkọ́kọ́ nínú ìtàn yìí, nígbà náà, jẹ́ ohun tí ọwọ́ lè gbá mú. Àṣìṣe wà lórí káàdì kan. Ẹni tí ó kọ ètò yóò wá káàdì náà, yóò yọ ọ́, yóò tẹ òmíràn, yóò sì fi í sí ojú àyè rẹ̀.

Ẹni náà kì í sábà sí nítòsí ẹ̀rọ. Yóò fi káàdì rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ yàrá ẹ̀rọ, yóò sì padà wá gba ìwé títẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan tàbí ní ọjọ́ kejì. Nínú ìwé náà ni kọ̀ǹpáílà ti tẹ gbogbo ìlà ètò náà pẹ̀lú nọ́ńbà, ìkéde àṣìṣe a sì wà lábẹ́ ìlà tí ó kàn tàbí ní ìparí gbogbo rẹ̀. Bí ipò tí wọ́n tọ́ka sí kò bá tọ̀nà, iṣẹ́ ọjọ́ kan ti ṣòfò. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé àwọn yunifásítì, tí akẹ́kọ̀ọ́ wọn pọ̀ tí wákàtí ẹ̀rọ wọn kò sì tó, ni wọ́n ṣiṣẹ́ lórí ọ̀ràn yìí tọkàntọkàn. Ní 1965 ni WATFOR jáde ní Yunifásítì Waterloo ní Kánádà. Ní 1967 ni àwọn ará Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé DITRAN, kọ̀ǹpáílà FORTRAN tí wọ́n dìídì ṣe nítorí ìṣàwárí àṣìṣe. Ní Yunifásítì Cornell, Richard Conway àti Thomas Wilcox ṣe PL/C, wọ́n sì tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní 1973. PL/C kì í fẹ́ kí ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kan padà lófo. Bí ó bá rí àṣìṣe, yóò gbìyànjú láti tún un ṣe fúnra rẹ̀, yóò tẹ ohun tí ó fi rọ́pò síbẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí i, yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ. Àtúnṣe náà kì í fi ìgbà gbogbo bá èrò akẹ́kọ̀ọ́ mu, ṣùgbọ́n àǹfààní rẹ̀ ni pé ó fi ojú ibi tí kọ̀ǹpáílà ti ṣiyèméjì hàn kedere.

Ọ̀nà mìíràn ni John Kemeny àti Thomas Kurtz gbà ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Dartmouth. Nínú BASIC, tí ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 1964, gbogbo ìlà ni ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà tí ẹni tí ń kọ ọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀. Nọ́ńbà kan náà yìí ni wọ́n fi ń to ìlà, òun ni wọ́n fi ń pàṣẹ pé kí ẹ̀rọ fò lọ sí ibòmíràn, òun náà sì ni ìkéde àṣìṣe ń dárúkọ. Kò sí èdè ìṣètò tí ó tún mú ipò súnmọ́ ènìyàn tó báyìí mọ́. Orúkọ tí òǹkọ̀wé fún ìlà rẹ̀ ni ẹ̀rọ fi ń pè é. Ohun tí ó gba àǹfààní yìí lọ́wọ́ àwọn tí ó tẹ̀ lé e ni pé ìlà tí nọ́ńbà bá lẹ̀ mọ́ kò ṣeé tún kọ pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Nígbà tí ètò sì di ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà, nọ́ńbà àfọwọ́tẹ̀ di ìdíwọ́.

Ọfà tí ó kọjá àmì

Niklaus Wirth gbé èdè Pascal kalẹ̀ ní ETH ní ìlú Zurich, orílẹ̀-èdè Switzerland, ó sì tẹ ìwé nípa rẹ̀ jáde ní 1970–1971. Kọ̀ǹpáílà Pascal ń ka ètò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ó ti ń kà á ni ó ń túmọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ipò kò wúwo fún un. Ibi tí ojú rẹ̀ wà lásìkò náà ni ipò. Bí àṣìṣe bá yọjú, yóò tẹ ìlà náà, yóò sì tẹ ọfà kékeré kan tí ó dojú kọ òkè sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà. Nọ́ńbà nìkan ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀, nítorí pé ìrántí ẹ̀rọ kéré. Ẹni tí ó bá rí 104 yóò ṣí ìwé ìtọ́nisọ́nà tí Kathleen Jensen àti Wirth kọ ní 1974, yóò sì rí i lẹ́yìn ìwé náà pé 104 túmọ̀ sí orúkọ tí wọn kò kéde. Ohun tí ó yẹ fún àkíyèsí ni pé nígbà tí àyè kò gba ipò àti ọ̀rọ̀ pọ̀, ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ṣeé wò nínú ìwé. Ipò kò sí níbòmíràn.

Ṣùgbọ́n ọfà náà a máa ṣini lọ́nà, ìdí rẹ̀ kì í sì í ṣe àìmọṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí àpẹẹrẹ méjì yìí jẹ́ ìlà inú ètò Pascal kan:

x := 1
y := 2

Àmì ìdánudúró Pascal, iyẹn àmì tí ó pààlà sí gbólóhùn méjì, kò sí lẹ́yìn 1. Ìparí ìlà kò já mọ́ nǹkan kan fún Pascal. Gbólóhùn lè gùn dé ìlà mẹ́ta. Nítorí náà, nígbà tí kọ̀ǹpáílà ka 1 tán, kò rí àṣìṣe kankan: ó ṣeé ṣe kí àmì ìṣirò kan ṣì ń bọ̀. Ìgbà tí ó dé ìlà kejì tí ó sì bá y pàdé ni ó tó mọ̀ pé ọ̀nà ti dí. Ìsàlẹ̀ y ni ọfà yóò wà, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tí ó ṣe y. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò tẹjú mọ́ ìlà kejì títí, kò sì ní rí nǹkan kan.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Kọ̀ǹpáílà ìgbà náà ṣe bí ọmọdé: ibi tí ó ṣubú sí ni ó ń tọ́ka, kì í ṣe ohun tí ó gbé e ṣubú. Ó tọ́ kí wọ́n gbà fún un, síbẹ̀, pé ibi ìṣubú nìkan ni ó dá a lójú. Ohun tí ìmọ̀ gírámà èdè ìṣètò lè ṣèlérí kò ju pé gbogbo ohun tí wọ́n ti kà kí ọfà tó dé ṣì lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ètò kan tí ó tọ̀nà. Ibi tí òǹkọ̀wé ti ṣe àṣìṣe kò sí nínú ìwé náà rárá. Inú èrò òǹkọ̀wé ni ó wà. Gbogbo ọfà tí ó bá ju ibi ìṣubú lọ jẹ́ ìméfò. Ó pẹ́ kí àwọn tí ń ṣe kọ̀ǹpáílà tó ní ìgboyà láti máa méfò. Ìgbà tí GCC ẹ̀dà 8 jáde ní 2018 ni kọ̀ǹpáílà yẹn tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn fún irú àṣìṣe yìí: bí àmì ìparí gbólóhùn bá sọnù, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú ni ọfà ń wà, pẹ̀lú àmì tí ó yẹ kí wọ́n fi síbẹ̀. Clang, tí ó jẹ́ abánidíje rẹ̀, ti ń ṣe é ṣáájú rẹ̀.

Ìwé tí kọ̀ǹpáílà kà kì í ṣe ìwé tí ènìyàn kọ

Èdè C, tí Dennis Ritchie dá sílẹ̀ ní Bell Labs, ni ó sọ ipò di ọ̀ràn ńlá. Ní nǹkan bí 1972 sí 1973 ni wọ́n fi ètò aṣáájú kan kún un, tí ń ṣiṣẹ́ kí kọ̀ǹpáílà fúnra rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ètò aṣáájú yìí a máa kó odindi fáìlì mìíràn wọ inú èyí tí òǹkọ̀wé kọ, a sì máa fi gbólóhùn gígùn rọ́pò àwọn orúkọ kúkúrú tí wọ́n ń pè ní mákírò. Ohun tí ó bá jáde ni kọ̀ǹpáílà ń kà. Ètò ìlà mẹ́wàá lè di ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlà, ìlà 7 tí òǹkọ̀wé mọ̀ sì lè wà ní ìlà 800.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà yanjú rẹ̀ rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi wà títí di òní. Ètò aṣáájú a máa kọ àkíyèsí sínú ohun tí ó ń gbé jáde, ní ìlà tirẹ̀, pé ohun tí ó tẹ̀ lé èyí wá láti ìlà báyìí nínú fáìlì báyìí. Kọ̀ǹpáílà yóò ka àkíyèsí náà, yóò sì tún òǹkà rẹ̀ ṣe. Wọ́n tún yọ̀ǹda kí ènìyàn tàbí ètò mìíràn lè kọ irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ #line. Yacc, tí Stephen Johnson ṣe ní Bell Labs tí ó sì ń kọ ètò C fúnra rẹ̀ láti inú òfin gírámà, lò ó kí àṣìṣe lè tọ́ka sí fáìlì gírámà tí ènìyàn kọ. Cfront, tí Bjarne Stroustrup fi ń sọ C++ di C ní àwọn ọdún 1980, lò ó bákan náà. Ó jẹ́ irọ́ tí gbogbo ènìyàn fohùn ṣọ̀kan lé lórí: kọ̀ǹpáílà ń ka ìwé kan, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka òmíràn. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í fún ètò JavaScript pọ̀ sójú ìlà kan ṣoṣo kí ó lè yára dé ọ̀dọ̀ òǹkàwé, ìṣòro àtijọ́ ni ó padà wá, wọ́n sì tún ṣe fáìlì atọ́ka fún un. Ẹ̀dà kẹta fáìlì atọ́ka náà ti wà láti 2011. Ìparí 2024 ni àjọ Ecma tó sọ ọ́ di ìlànà, ECMA-426.

Bí ètò Unix ṣe ń tẹ ipò náà kó ipa tirẹ̀. Orúkọ fáìlì, nọ́ńbà ìlà, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀, pẹ̀lú àmì olójú méjì láàárín wọn. Kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n ètò mìíràn lè kà á. Nínú Unix ti Berkeley, ètò kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ error, tí ń gba ìkéde kọ̀ǹpáílà, tí ń ṣí fáìlì tí ìkéde náà dárúkọ, tí ó sì ń fi ìkéde kọ̀ọ̀kan há ojú ìlà tí ó kàn gẹ́gẹ́ bí àlàyé, pẹ̀lú àmì ### kí ó lè rọrùn láti wá a kàn. Emacs ń ka irú ìkéde kan náà, ó sì ń gbé òǹkọ̀wé lọ sí ìlà náà. Ìlànà ìṣètò ti GNU wá kọ ọ́ sílẹ̀ bí òfin: fáìlì, ìlà, òpó, kí ìlà àti òpó sì bẹ̀rẹ̀ láti 1, kì í ṣe láti 0. Báyìí ni ipò, tí wọ́n ń kọ fún ojú ènìyàn tẹ́lẹ̀, di èyí tí ẹ̀rọ ń kọ fún ẹ̀rọ.

Turbo Pascal ilé-iṣẹ́ Borland, tí Anders Hejlsberg kọ, tí ó jáde ní 1983, fi ọgbọ́n mìíràn hàn. Ibi ìkọ̀wé àti kọ̀ǹpáílà wà nínú ètò kan ṣoṣo. Bí ó bá ti rí àṣìṣe àkọ́kọ́ ni yóò dúró, yóò sì gbé atọ́ka ìkọ̀wé sí ojú ibẹ̀. Ìyẹn rọrùn. Èyí tí ó ṣòro ni àṣìṣe tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ètò ti di èdè ẹ̀rọ tí ó sì ti ń ṣiṣẹ́. Ní àkókò náà, ohun kan ṣoṣo tí ó wà lọ́wọ́ ni àdírẹ́sì inú ìrántí ẹ̀rọ tí iṣẹ́ ti dúró, ìrántí náà kò sì tó láti pa ìwé ìtọ́ka mọ́. Turbo Pascal kò pa nǹkan kan mọ́. Yóò tún gbogbo ètò náà túmọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò máa ka iye èdè ẹ̀rọ tí ó ti gbé jáde, nígbà tí òǹkà náà bá sì dé àdírẹ́sì yẹn, ibi tí ojú rẹ̀ wà nínú ìwé òǹkọ̀wé ni ìdáhùn. Ó fi iṣẹ́ rọ́pò ìrántí. Kò wọ́pọ̀ nínú ìtàn yìí kí ènìyàn rí ẹni tí ó kọ̀ láti gbé ẹrù náà tí ó sì tún dé ibi tí ó ń lọ.

Iye tí ẹrù náà jẹ́

Àwọn kọ̀ǹpáílà tí ó tẹ̀ lé wọn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé wọ́n ń tún ètò náà gbé yẹ̀ wò lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn tí wọ́n ti kà á tán. Ipò ní láti lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka igi kọ̀ọ̀kan. Clang, tí Chris Lattner bẹ̀rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Apple tí wọ́n sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní 2007, fi gbogbo ipò pamọ́ sínú nọ́ńbà bíìtì 32 kan ṣoṣo. Ó ń ka gbogbo fáìlì bí ẹni pé wọ́n lẹ̀ wọ́n pọ̀ di ìwé gbọọrọ kan; nọ́ńbà náà sì ni ibi tí ọ̀rọ̀ wà nínú ìwé gbọọrọ yẹn. Kì í ṣírò ìlà àti òpó àyàfi bí àṣìṣe bá wáyé. Bíìtì kan nínú 32 náà ń sọ bóyá mákírò ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Nítorí èyí, Clang lè sọ ibi tí wọ́n ti lo mákírò àti ibi tí wọ́n ti kọ ọ́, ó sì lè fa ìlà sábẹ́ odindi gbólóhùn dípò ọfà kan. GCC, tí Richard Stallman ti gbé jáde láti 1987, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìlà òǹkọ̀wé àti ọfà ní ẹ̀dà 4.8, ní 2013. Ọdún 26 kọjá láàárín wọn.

Iye tí ipò ń ná ni kì í sábà hàn síta. Nínú Python, níbi tí ìkéde àṣìṣe ti ń jáde nígbà tí ètò ń ṣiṣẹ́, àwọn olùtọ́jú èdè náà wọ̀n ọ́ kí wọ́n tó fi òpó kún ìlà ní ẹ̀dà 3.11 ti 2022: àwọn fáìlì tí Python ti túmọ̀ fi nǹkan bí 22 nínú 100 tóbi sí i. Wọ́n gbà láti san án.

Rust sọ ipò di púpọ̀. Ní èdè yìí, àṣìṣe kan tí ó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn lo nǹkan lẹ́yìn tí ó ti fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò sí lójú kan. Ó wà láàárín ojú méjì tàbí mẹ́ta. Láti ẹ̀dà 1.12 tí ó jáde ní 2016, lẹ́yìn ipa tí èdè Elm kó ní 2015, Rust ń tẹ gbogbo ojú tí ó kàn sórí ìwé kan náà, ó sì ń kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: níbí ni o ti fi í sílẹ̀, níbí ni o tún ti ń pè é.

Òpó kan, lẹ́tà kan

Gbogbo ọfà tí ìtàn yìí ti mẹ́nu bà dúró lórí àdéhùn kan tí káàdì fi lélẹ̀: òpó kan, lẹ́tà kan. ASCII, tí ó jáde ní 1963, pa á mọ́ pẹ̀lú àmì 128 rẹ̀. Kò sí àyè fún ẹ, ọ tàbí ṣ nínú rẹ̀, kò sì sí fún àmì ohùn. Lẹ́tà kan jẹ́ báìtì kan, báìtì kan sì jẹ́ òpó kan. Ẹni tí ó ń ka ọ̀kan ti ka gbogbo rẹ̀. Nígbà tí Ken Thompson àti Rob Pike ṣe UTF-8 ní 1992, àdéhùn náà já, ṣùgbọ́n àwọn kọ̀ǹpáílà ń bá a lọ láti máa ka báìtì.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tó láti fi ìṣòro náà hàn, kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Lójú òǹkàwé, lẹ́tà mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ ní. Ní UTF-8, báìtì 11 ni. Bí wọ́n bá wá ka nọ́ńbà Unicode, ó lè jẹ́ 5, ó sì lè jẹ́ 7: 5 bí ọ bá wọlé gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan tí àmì ohùn sì dá dúró, 7 bí o, àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn bá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Patákó ìtẹ̀wé tí ènìyàn lò ni ó ń pinnu èyí, ojú kò sì lè fi ìyàtọ̀ hàn. Bí ìlà C kan bá wá jẹ́

puts("ọ̀rọ̀")

tí àmì ìparí gbólóhùn sì sọnù lẹ́yìn rẹ̀, òpó 12 ni àyè rẹ̀ lójú ènìyàn. Ẹni tí ó ka nọ́ńbà Unicode yóò sọ pé 14 tàbí 16 ni. Ẹni tí ó ka báìtì yóò sọ pé 20. Ọfà tí wọ́n bá tẹ̀ ní òpó 20 yóò fi òpó mẹ́jọ jìnnà sí ibi tí ó yẹ kí ó wà, nínú òfìfo, lẹ́yìn tí ìlà ti parí.

Àwọn èdè ìṣètò kò sì fohùn ṣọ̀kan. Go ń ka báìtì, ìwé ìtọ́nisọ́nà rẹ̀ sì sọ bẹ́ẹ̀ láìfi bò. Rust ń ka nọ́ńbà Unicode fún òpó tí ó ń kéde. Ìlànà tí Microsoft gbé kalẹ̀ ní 2016 kí ibi ìkọ̀wé àti kọ̀ǹpáílà lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ yan òǹkà UTF-16. Ní 2022 ni ẹ̀dà 3.17 tó yọ̀ǹda kí àwọn méjèèjì dúnàá-dúrà lórí òǹkà mìíràn. GCC ẹ̀dà 11, ní 2021, ni ó yàn láti máa ka òpó bí ó ṣe hàn lójú, ó sì fi àṣẹ sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá ṣì fẹ́ báìtì.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni rò pé kíka nọ́ńbà Unicode ti tó. Ó tó fún Faransé, nítorí pé é ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀. Ó tó fún èdè Vietnam pàápàá, tí ó ń to àmì lé àmì bíi Yorùbá, nítorí pé Unicode fún gbogbo lẹ́tà alámì méjì rẹ̀ ní nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Àárín àwọn lẹ́tà Vietnam wọ̀nyẹn ni ẹ àti ọ tí Yorùbá ń lò wà. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà tiwọn, wọn kò sì ní ní in mọ́, nítorí pé Unicode ti dẹ́kun gbígba irú lẹ́tà alákànpọ̀ tuntun bẹ́ẹ̀. Àtúnṣe tí ó mú ọfà tọ́ lábẹ́ ìwé Faransé fi í sílẹ̀ ní wíwọ́ lábẹ́ ìwé Yorùbá. Ẹni tí ń kọ ètò tí ń fi Yorùbá bá ènìyàn sọ̀rọ̀, tí ọfà sì ń ṣì í lọ́nà ní gbogbo ìlà tí ó bá fi àmì sí, ní ìdí tí ó lágbára láti yọ àmì kúrò. Bí ó bá sì yọ wọ́n, ọ̀rọ̀, ọrọ̀, oró àti orò di ohun kan náà nínú ètò rẹ̀.

Ìṣòro náà le sí i níbi tí Yorùbá bá ti di orúkọ nínú ètò, dípò kí ó wà láàárín àmì àyọlò. Python 3 gbà á láyè, ó sì ń sọ ọ̀nà méjèèjì tí wọ́n lè gbà tẹ ọ̀rọ̀ di ọ̀kan kí ó tó fi wọ́n wéra. GCC náà ti ń gba irú orúkọ bẹ́ẹ̀ tààrà ní UTF-8 láti ẹ̀dà 10, ní 2020, ṣùgbọ́n kì í sọ wọ́n di ọ̀kan: orúkọ méjì ni wọ́n jẹ́ fún un, àyàfi pé ó ń kìlọ̀ nípa èyí tí àmì rẹ̀ wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹnì kan bá kéde ọ̀rọ̀ láti orí patákó ìtẹ̀wé kan, tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì lò ó láti orí òmíràn, GCC yóò sọ pé wọn kò kéde orúkọ náà, yóò sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Fáìlì náà yóò tọ̀nà, ìlà yóò tọ̀nà, òpó yóò tọ̀nà, ọ̀rọ̀ tí ó wà lókè ìlà náà kò sì ní fi ohunkóhun yàtọ̀, lójú, sí èyí tí wọ́n kéde ní ìlà mẹ́ta ṣáájú rẹ̀.